Ìbéèrè Yín Lórí Máàsì: Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Fọ́n Ẹ̀rọ Kéékèèké Síbẹ̀?

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa ọkọ̀ Perseverance, tí NASA, ilé iṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, rán lọ máa rìn lórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, nínú àtẹ̀jáde tó kọjá ni lẹ́tà ti ń wọlé. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń béèrè, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ ni: dípò ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo, kí ló dé tí wọn kò kó sẹ́ńsọ̀ kéékèèké rẹpẹtẹ (ẹ̀rọ tó ń ka nǹkan bí ooru tàbí atẹ́gùn) lọ, kí wọ́n fọ́n wọn káàkiri, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀? Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Kí n tó máa kọ̀wé fún ìwé ìròyìn, ìdí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni mo wà ní pápákọ̀ òfurufú, iṣẹ́ yẹn ló sì kọ́ mi pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kì í mọ ayé. Díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà rèé, pẹ̀lú èsì mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Ọmọ kan ní kíláàsì mi béèrè pé nígbà tí Perseverance ti ń ka ooru àti atẹ́gùn Máàsì lójoojúmọ́, ṣé a kò ti mọ ojú ọjọ́ Máàsì tán ni? Ẹ bá mi dá a lóhùn.
— *Olùkọ́ kan, Ìkìrun*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, olùkọ́. Ẹ bá mi yin ọmọ yẹn. Ohun èlò tó ń ka ojú ọjọ́ lára Perseverance, MEDA lorúkọ rẹ̀, àwọn ará Sípéènì ló ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára gan-an: ó ń ka ooru, ìwúwo afẹ́fẹ́, atẹ́gùn, ọ̀rinrin àti eruku. Àmọ́ kòtò Jezero ló wà. Ojú ọjọ́ Jezero ló ń kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé níbí. Nínú pápá koríko, níbi tí kò sí igi tàbí ilé tó ṣíji bò ó, a ní àpótí onípákó funfun kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìdagun ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí oòrùn má sì rí ọ̀nà wọlé. Tẹmómítà méjì dúró nínú rẹ̀: ọ̀kan gbẹ, èkejì ní aṣọ tútù tí wọ́n wé mọ́ ọn nídìí, tí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì á fi sọ bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Bí aago méje àárọ̀ bá ti ń sún mọ́, mo ti wà níwájú àpótí náà tòun ti ìwé àti pẹ́ńsù. N kò gbọdọ̀ kà á ní aago mẹ́fà nítorí pé mo tètè jí, n kò sì gbọdọ̀ sún un di aago mẹ́jọ nítorí pé òjò ń rọ̀. Ìdí ni pé lákòókò yẹn gan-an, ẹnì kan ń ka tirẹ̀ ní Ìlọrin, ẹlòmíràn ní Kánò, ní Accra, ní Dakar, ní London. Àdéhùn gbogbo àgbáyé ni: aago kan òru, aago méje àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago méje alẹ́ ní aago tiwa. Nọ́ḿbà tí mo kọ sílẹ̀ kò já mọ́ nǹkan púpọ̀ lóun nìkan. Ìgbà tí wọ́n bá kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù sórí máàpù kan ló ń di ojú ọjọ́.

Ẹ wo ìjì òjò tó máa ń jà ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, tí ìhà ìlà oòrùn á ṣú dẹ̀dẹ̀. Ohun tí mo máa ń rí lójú ẹ̀rọ ni pé atẹ́gùn yí ojú padà lójijì, ooru já wálẹ̀, ìwúwo afẹ́fẹ́ fò sókè, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń bọ̀, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe ń sáré tó: ibùdó kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́. Àmọ́ bí Àkúrẹ́ bá rí i ní aago méjì ọ̀sán, tí Òṣogbo rí i ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ẹni tó wà ní Ìbàdàn ti mọ ìgbà tó yẹ kó ká aṣọ kúrò lórí okùn.

Wàyí o, ẹ gbé e dé Máàsì. Bí ẹ bá wọn gbogbo ojú ilẹ̀ Máàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ ayé wa yìí, láti Áfíríkà dé Éṣíà dé Amẹ́ríkà méjèèjì. Ibùdó ojú ọjọ́ mélòó ló wà níbẹ̀? Ní 2021 sí 2022, nígbà tí nǹkan ṣẹnuure jù, mẹ́rin ni: Curiosity, InSight àti Perseverance ti Amẹ́ríkà, àti Zhurong ti àwọn ará Ṣáínà. InSight àti Zhurong sì ti dákẹ́ báyìí.

Ohun tí èyí ń fà kò ṣeé fojú kéré. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2018, ìjì eruku kan bẹ̀rẹ̀ ní Máàsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti bo gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì náà. Ọkọ̀ Opportunity, tó ti ń rìn níbẹ̀ láti 2004 tó sì gbára lé sólà, kò rí oòrùn mọ́. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Sátẹ́láìtì rí eruku náà láti òkè dáadáa. Ṣùgbọ́n nílẹ̀, níbi tí ìjì yẹn ti gbéra, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́, nítorí Opportunity fúnra rẹ̀ kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Curiosity ní in, àmọ́ ó jìnnà réré síbẹ̀. Títí di òní, ìdí tí ìjì kan fi ń kú sí àdúgbò tí òmíràn sì ń gba gbogbo Máàsì kan ṣì jẹ́ àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀. Ibùdó kéékèèké bí ogún tó ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́ nìkan, ní àkókò kan náà, yóò yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́ kò sì tó èékánná àtàǹpàkò mọ́; ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí àwọn èèyàn ń gbé kiri.

ÌBÉÈRÈ: Arábìnrin mi, ẹ ǹlẹ́ o. Àgbàlagbà ni mí. Ní 1984 ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo gbọ́ ọ bí àwo ṣe ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ilẹ̀ a máa mì ní Máàsì náà. Ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ? Báwo ni wọ́n sì ṣe mọ ibi tó ti wá?
— *Bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Bí ilẹ̀ bá mì, ìgbì oríṣi méjì ló máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní yára, ó ń ti ilẹ̀ síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn. Èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń gbọn ilẹ̀ sí ọ̀tún sí òsì. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá ṣe gùn tó ni orísun ìmìtìtì náà ṣe jìnnà tó. Nítorí náà ẹ̀rọ kan lè sọ pé ó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà sí òun, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé apá ibi báyìí ni. Ẹ fi ibùdó náà ṣe àárín, kí ẹ fa òbìrípo yí i ká: ibikíbi lórí ìlà yẹn ló lè jẹ́. Ibùdó kejì fa òbìrípo tirẹ̀, méjèèjì pàdé níbi méjì. Ìkẹta ló ń mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Mẹ́ta ló kéré jù, sà, bó ti wù kí ẹ̀rọ kan dára tó.

Wọ́n ti ṣe é rí dáadáa, lórí òṣùpá. Láàárín oṣù Kọkànlá 1969 àti oṣù Kẹrin 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ Apollo 12, 14, 15 àti 16 lọ síbẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì sílẹ̀ níbi mẹ́rin. Nígbà tí àwọn Apollo 12 fẹ́ padà sílé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí apá ọkọ̀ tó gbé wọn kúrò nílẹ̀ já lu òṣùpá, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lè gbọ́ ọ. Òṣùpá gbọ̀n fún nǹkan bíi wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó retí i. Ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1977, wọ́n sì gbọ́ ìmìtìtì tó lé ní 12,000. Àwọn kan nínú rẹ̀ ń wá láti ibi tó jìn ju 700 kìlómítà lọ nísàlẹ̀ ilẹ̀ òṣùpá, wọ́n sì ń padà wá nígbà gbogbo bí ilé ayé bá ti ń fa òṣùpá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo kì bá mọ èyí láéláé. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ẹ̀rọ náà kò kú. Wọ́n pa wọ́n ni, nítorí owó.

Máàsì kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Viking méjì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1976, ẹ̀rọ ìmìtìtì wà lára méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ kò tú kúrò nínú ìdè tí wọ́n fi dì í kí ó má baà fọ́ lọ́nà. Ti èkejì ṣiṣẹ́, àmọ́ orí ọkọ̀ ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe ilẹ̀, nítorí náà atẹ́gùn tó ń mi ọkọ̀ ló ń gbọ́ ṣáá. Ó di oṣù Kọkànlá 2018 kí InSight tó gúnlẹ̀. Èyí fi apá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí àwọn ará Faransé ṣe kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì fi ìdérí bò ó kí atẹ́gùn àti ooru má baà dà á láàmú. Ó gbọ́ ìmìtìtì tó lé ní 1,300 kí eruku tó bo sólà rẹ̀ tó sì dákẹ́ ní ìparí 2022.

Àmọ́ ẹyọ kan ni, sà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2021, ó gbọ́ ìmìtìtì kan tó lágbára. Nígbà tó yá, sátẹ́láìtì rí kòtò tuntun kan tó fẹ̀ tó 150 mítà, tó jìn tó nǹkan bíi 3,500 kìlómítà sí i. Òkúta láti ojú ọ̀run ló já síbẹ̀, ó sì fọ́n yìnyín abẹ́ ilẹ̀ sókè. Nítorí pé wọ́n rí kòtò, wọ́n mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ìmìtìtì tó tóbi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, ti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2022, tó tó 4.7 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì, wọ́n ní kí sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Ṣáínà, Íńdíà àti United Arab Emirates bá wọn wá kòtò. Wọn kò rí kòtò kankan. Bí wọ́n ṣe gbà pé inú ilẹ̀ Máàsì fúnra rẹ̀ ló ti wá nìyẹn. Gbogbo sátẹ́láìtì wọ̀nyẹn ń wá ohun tí ẹ̀rọ méjì sí i nílẹ̀ ì bá sọ láàárín wákàtí kan.

Nílé níbí, Nàìjíríà ní ibùdó tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ báyìí. Tóró ní Bauchi, Kaduna, Nsukka àti Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn. Bí àwo bá tún dún, ẹ kọ aago rẹ̀ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú ọpọlọ. Rédíò ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ yìí, tí kò ju àpótí ìṣáná lọ, bátìrì wo ló fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ láti Máàsì wá sí ilé ayé? Mi ò gbà pé ó ṣeé ṣe.
— *Onírédíò, Bẹẹrẹ, Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Òtítọ́ lẹ sọ, ohùn rẹ̀ kò lè dé. Kò sì sí ẹni tó ní kó dé. Kódà àwọn ọkọ̀ ńlá tó wà ní Máàsì kì í sábà bá ilé ayé sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n ń sọ ọ́ fún sátẹ́láìtì tó ń yí Máàsì po, irú bíi Mars Reconnaissance Orbiter. Òun ló ń fi ẹ̀rọ alágbára sọ ọ́ fún àwọn àwo ńlá tó ń gba ohùn ní California, ní Madrid àti ní Canberra. Àwo tó tóbi jù níbẹ̀ fẹ̀ tó 70 mítà.

Ẹ̀rọ kékeré ń sọ̀rọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ ni. Aládùúgbò sọ ọ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan tó ní rédíò tó lágbára jù, ìyẹn ló máa rán an sókè. Wọ́n máa ń sùn púpọ̀ láti ṣọ́ bátìrì: wọ́n á jí, wọ́n á kà, wọ́n á sọ, wọ́n á sùn padà. Bí ọ̀kan bá kú, ọ̀rọ̀ á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kọjá.

Apá kan rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Máàsì fúnra rẹ̀, inú mi sì ń dùn gan-an nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ẹlikópítà kékeré Ingenuity, tí kò wúwo tó kílò méjì, fò lẹ́ẹ̀kíní ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 2021, ó sì fò ní ìgbà 72 kí abẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́ ní oṣù Kìíní 2024. Kò fìgbà kan bá ilé ayé sọ̀rọ̀. Perseverance ló ń bá sọ̀rọ̀. Rédíò wo ni wọ́n fi sínú rẹ̀? Zigbee ni, ní nǹkan bíi 900 megahertz: irú rédíò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi sínú gílóòbù àti ìlẹ̀kùn ilé káàkiri ayé, kí wọ́n lè máa fi fóònù tan iná. Ẹ lè tú irú rẹ̀ palẹ̀ lórí tábìlì yín ní Bẹẹrẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ wo òkè Saint Helens ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, òkè tó máa ń yọ iná, tí ìbúgbàù rẹ̀ pa èèyàn 57 ní 1980. Ní oṣù Keje 2009, àwọn onímọ̀ fi ẹlikópítà so ẹ̀rọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rọ̀ wálẹ̀ sí ẹnu òkè náà àti àyíká rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, nítorí náà aláǹtakùn ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní GPS láti mọ̀ bí ilẹ̀ bá wú, ní ohun tó ń gbọ́ ìmìtìtì, àti ohun tó ń mọ ìbúgbàù. Wọ́n ń ṣe ọ̀nà ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn láìsí ẹni tó ń darí wọn, wọ́n sì lè pe sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ EO-1 kó wá ya àwòrán bí òkè bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ JPL, tó ń ṣe ọkọ̀ Máàsì fún NASA, wà lára àwọn tó ṣe é, wọn kò sì fi bò pé iṣẹ́ ayé mìíràn ni wọ́n ní lọ́kàn.

ÌBÉÈRÈ: Aunty, ẹ kú àárọ̀ láti Peckham. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dára tó báyìí, kí ló dé tí NASA kò tíì ṣe é? Àbí wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ tó já sí òfo?
— *Ọmọ Èkìtì kan, London*

ÌDÁHÙN: Wọ́n ti gbìyànjú, ó sì ti já sí òfo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, NASA ní ètò kan tó ń jẹ́ MESUR: ibùdó bíi mẹ́rìndínlógún káàkiri Máàsì. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ọkọ̀ kan dán an wò. Ọkọ̀ ìdánwò yẹn ni ayé wá mọ̀ sí Pathfinder, tó gúnlẹ̀ ní 1997; ètò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìdánwò kò wáyé mọ́. Àwọn ará Rọ́ṣíà kó ibùdó kékeré méjì àti ohun èlò méjì tó máa ya wọ ilẹ̀ sínú Mars 96. Rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kùnà ní oṣù Kọkànlá 1996, gbogbo rẹ̀ já padà sílé ayé. Àwọn ará Faransé àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù gbìmọ̀ ibùdó mẹ́rin tí wọ́n pè ní NetLander. Wọ́n fagi lé e kí wọ́n tó kọ́ ọ tán.

Èyí tó dùn mí jù ni Deep Space 2. Ẹ̀rọ méjì, Amundsen àti Scott, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó kílò mẹ́rin tòun ti ìkarahun rẹ̀. Kò sí párásúùtì, kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa dín eré kù. Ńṣe ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n já lu ilẹ̀ tààrà, kí orí rẹ̀ ya wọnú ilẹ̀, kí ìdí rẹ̀ dúró lókè pẹ̀lú eriali. Bátìrì rẹ̀, wọ́n ṣe é láti ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó tó ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1999 pẹ̀lú Mars Polar Lander. A kò gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló yẹ kó tẹ̀ lé e? Èrò tèmi rèé, mo sì dúró lórí rẹ̀: ó yẹ kí wọ́n rán ogún mìíràn lọ. Àǹfààní ohun kékeré ni pé èèyàn lè pàdánù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún kan wà tí ẹ̀rọ tí a fi ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́ ní ibùdó wa bàjẹ́, tí wọn kò sì tètè rọ́pò rẹ̀. Máàpù ojú ọjọ́ ṣì ń jáde lójoojúmọ́, nítorí pé àwọn ibùdó tó yí wa ká ń kà. Bó bá jẹ́ ibùdó wa nìkan ló wà ni, ojú ọjọ́ ì bá ti parí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá rán méjì péré, tí méjèèjì sì kú, ńṣe ni àwọn tó ń fọwọ́ sí owó máa ń sọ pé ohun kékeré kì í ṣiṣẹ́.

Kí n má ṣe àìṣòótọ́ sí ọkọ̀ ńlá. Perseverance wúwo ju ẹgbẹ̀rún kílò lọ, ó sì ní ìdí: kò sí sẹ́ńsọ̀ kékeré tó lè gbẹ́ òkúta, kó sì dì í sínú ìgò títí ẹni tó máa gbé e wálé yóò fi dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun abẹ̀mí ti wà ní Máàsì rí nílò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ atẹ́gùn, ìjì, ìmìtìtì: àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í gbé ojú kan. Ọkọ̀ kan kò lè wà níbi méjì.

Ìrètí wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2019, sátẹ́láìtì kékeré KickSat-2 tú ẹ̀rọ 105 dà sí òfurufú tó yí ayé wa po. Sprite ni wọ́n ń pè wọ́n: pátákó ẹ̀rọ onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí kò wúwo tó gíráàmù márùn-ún. Sólà, kọ̀ǹpútà, rédíò, gbogbo rẹ̀ wà lórí rẹ̀, a sì gbọ́ ohùn wọn nílẹ̀ níbí. KickSat àkọ́kọ́, ti 2014, já wálẹ̀ kó tó rí ẹyọ kan tú dà. Wọn kò jẹ́ kí ìyẹn dá wọn dúró, wọ́n padà lọ ṣe òmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a ò wá ní fi pàǹtírí ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ bí a ṣe ba tiwa jẹ́?
— *Ìyá kan, Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà, ẹ̀rù yìí tọ́. Àdéhùn òfurufú ti 1967 ti sọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ kó èérí tó lè ṣe ìpalára lọ sí ayé mìíràn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni kòkòrò àìfojúrí láti ara wa. Kí Viking tó gbéra, odindi ọkọ̀ ni wọ́n gbé sínú ààrò tó gbóná ju ìwọ̀n 110 lọ fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ. Ohun kékeré rọrùn láti yan ju ohun ńlá lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, àyẹ̀wò náà á pọ̀. Bí wọn kò bá lè yan ọgọ́rùn-ún dáadáa, kí wọ́n fi mọ sí mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tó bá kú sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí a kọ ọ́ sí, kí ẹni tó bá débẹ̀ lọ́la mọ ohun tó ń wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí, owó kò sí lọ́wọ́ mi púpọ̀. Ṣé ohun kan wà tí mo lè ṣe nínú iṣẹ́ yìí láti ibi tí mo wà?
— *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́*

ÌDÁHÙN: Ó wà, ọmọ mi. Wá sẹ́ńsọ̀ BMP280 mẹ́ta àti pátákó ESP32 mẹ́ta. Èkíní ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́ àti ooru, èkejì ni kọ̀ǹpútà àti rédíò. Wà á rí wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní gbà ọ́ lówó púpọ̀. Gbé ọ̀kan sí yàrá rẹ, kí o bẹ àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ń gbé apá ibòmíràn nílùú kí wọ́n gba ìyókù. Má gbé e sí ibi tí oòrùn yóò ti pa á, má sì gbé e sítòsí jẹnẹrétọ̀. Bí iná kò bá dúró, fi bátìrì sí i, kí o kọ́ ọ láti sùn láàárín kíkà kan sí èkejì. Ìyẹn nìkan yóò kọ́ ọ ju ìwé lọ, nítorí ìṣòro kan náà ni àwọn tó ṣe Deep Space 2 bá jìjàkadì.

Kó o tó gbé wọn kalẹ̀, to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì kan náà fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn kò ní bára mu. Kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀, kí o máa yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ḿbà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ irú ẹ̀rọ yìí máa ń fo ìpele yìí, wọ́n á wá rí ìjì níbi tí kò sí. Lẹ́yìn náà, mú kí aago wọn bára mu dé ìṣẹ́jú-àáyá.

Ohun tí wà á kọ́kọ́ rí lórí gíráàfù kì í ṣe òjò rárá. Ìwúwo afẹ́fẹ́ á máa gòkè títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á sì wálẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á. Oòrùn tó ń gbóná sára afẹ́fẹ́ gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ju mílíbà (òṣùwọ̀n ìwúwo afẹ́fẹ́) mẹ́ta-mẹ́rin lọ nínú bíi 970. Ní kòtò Gale ní Máàsì, níbi tí Curiosity wà, ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Fi gíráàfù tìrẹ ránṣẹ́ sí mi kí n tó kọ ti oṣù tó ń bọ̀, kí o sì kọ orúkọ àdúgbò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.